Ibi Tí Ojú Kò Dé, Kí Ìlà Má Dé Ibẹ̀

Òjò ni mo yà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ má wo ara yín lójú, orí èmi ìyá yín pé. Ẹlòmíràn a máa ya ilé, ẹlòmíràn a máa ya ojú ènìyàn. Èmi Yẹmisí, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, òjò ni mo yà: èyí tó rọ̀ ní Isuada, èyí tó rọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, àti èyí tó rọ̀ ní Arimogija lọ́hùn-ún ní agbègbè Ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bi mí léèrè iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe tí kọ̀ǹpútà kò ní gbà lọ́wọ́ yín, ẹ fara balẹ̀. Kọ̀ǹpútà dé bá mi lẹ́nu iṣẹ́, mo sì fò mọ́ ọn bí ọmọdé ṣe ń fò mọ́ ìyá rẹ̀ tó ti ọjà dé. Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ sọ.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn lẹ́nu. Ní 1984, ibùdó ìwádìí kòkó kékeré kan wà lẹ́yìn ìlú wa, wọ́n ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú yíyàwòrán, mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ó ń jẹ́ ká jẹun.

Iṣẹ́ ibùdó náà rọrùn láti ṣàlàyé. Ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan wà tó ń wọn òjò. Agolo onírin kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní gbangba, òjò á rọ̀ sínú rẹ̀, tó bá di àárọ̀ ẹni náà á da omi inú rẹ̀ sínú ife onílà, á wo ibi tó dé, á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn á máa ka kòkó tó ti dúdú lórí igi. Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí wa, àwa á sì fi ya gíráàfù: ìlà kan fún òjò, ìlà kejì fún kòkó tó ń jẹrà. Bí ìlà òjò bá ti gòkè, ìlà ìjẹrà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn, bí ajá ṣe ń tẹ̀lé ọdẹ. Kí ìyẹn tó dé ni àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fín oògùn. Torí náà, a máa ń lẹ gíráàfù wa mọ́ ògiri gbọ̀ngàn àwọn àgbẹ̀, wọ́n á wò ó, wọ́n á mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn. Kòkó tó bá ti dúdú lórí igi, kò sí àdúrà tó lè dá a padà.

Ọwọ́ ni a fi ń ya gbogbo rẹ̀ nígbà náà, ọ̀gá tó sì kọ́ mi ni Ọ̀gá Bámidúró, ará Ọ̀kà Àkókó, ọkùnrin gíga, tín-ín-rín, tó fi okùn so ìgò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ẹ gbà mí, ọkùnrin yẹn le. Oṣù tí mo fi fa ìlà gbọọrọ lásán kò ṣeé sọ. Kò sí òjò nínú rẹ̀, kò sí kòkó nínú rẹ̀, ìlà ṣáá ni. Ó ń fún mi ní pẹ́ńsù, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìnkì. Lọ́jọ́ kan, ó ti sú mi, mo ní, “Ọ̀gá, ẹ wò ó, ọwọ́ mi ti dúró.”

Ó wo ìlà mi, ó ní, “Ọwọ́ rẹ ti dúró. Ojú rẹ kò tíì dúró. Padà síbẹ̀.”

Mo padà síbẹ̀ tìbínú-tìbínú. Kékeré ni wọ́n ti ń pẹ̀ka ìrókò, òun náà sì mọ̀ pé tí òun bá jẹ́ kí n dàgbà tán, n kò ní gbọ́ mọ́.

Ó ní ọ̀nà kan tó fi ń yẹ iṣẹ́ wò tí mi ò rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn rí. Tí gíráàfù bá parí tí ìnkì sì gbẹ, á gbé e sókè sí ojú fèrèsé, á wò ó lòdì sí ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á di ojú méjèèjì, á sì fi ìka ìfábẹ̀lá tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. “Ìnkì ní ara,” ó máa ń wí. “Ìlà tó bá dára, ọwọ́ mọ̀ ọ́n.” Tí ó bá rí àṣìṣe, á fi abẹ ìfárí ha á kúrò, á ní kí n tún un ṣe. Tí kò bá rí, kò ní yìn mí o. Kò yin ẹnikẹ́ni rí. Á kàn na ìwé náà sí mi, á ní, “Gbé e lọ kọ́.” Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni mo ń fi odindi ọ̀sẹ̀ wá. Tí mo bá gbọ́ ọ, inú mi á dùn débi pé mo lè sáré dé Arimogija lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹ́ kí n fi ìnkì ya òjò Arimogija, mo rí i pé àwọn ọjọ́ kan ṣófo nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọjọ́ mélòó kan á wà, àlàfo á tẹ̀lé e, ọjọ́ mélòó kan á tún wà, àlàfo á tún tẹ̀lé e. Èmi ní tèmi, mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ni mo wá ṣe. Mo mú igi ìfàlà tó tẹ̀, mo fi ìlà rírọ̀ kan so etí àlàfo kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó dára, ó ń ṣàn bí odò. Mo gbé e fún ọ̀gá, mo sì ń retí “Gbé e lọ kọ́.”

Ìka rẹ̀ tọ ìlà náà títí dé àlàfo àkọ́kọ́, ó dúró. Ó la ojú.

“Ta ló sọ fún ọ pé òjò rọ̀ lọ́jọ́ yìí?”

“Kò sẹ́ni tó sọ, sà.”

“Ta ló sọ fún ọ pé kò rọ̀?”

“Kò sẹ́ni tó sọ, sà.”

“Ẹnu ta lo wá ti gbọ́ ọ?”

Ó mú abẹ, ó ha gbogbo ìlà tí mo fi so àlàfo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi ń wò ó, omi ń bọ̀ lójú mi. Ó wá ní, “Ibi tí ojú kò dé, kí ìlà má dé ibẹ̀. Fi í sílẹ̀ ní funfun. Ẹni tó bá ń wò ó á mọ̀ pé a kò sí níbẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n wọ mọ́tò akẹ́rù lọ sí Arimogija, kí n lọ fojú ara mi rí agolo náà.

Ẹni tó ń wọn òjò níbẹ̀ ni Tíṣà Ìdòwú, olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀. Mo kí i tán, mo bi í pé kí ló ń fa àlàfo wọ̀nyí. Kò tiẹ̀ ronú. “Ọjọ́ ọjà ni,” ó ní. “Ìyàwó mi ń ta iṣu. Kílẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń bá a ru iṣu lọ sọ́jà. Tí mo bá ní mo ń wo omi nínú agolo, ta ni máa ru iṣu?”

“Ọjọ́ kejì ọjà ńkọ́, sà? Ìyẹn náà ṣófo.”

“Ìyẹn? Omi ọjọ́ méjì ló máa wà nínú agolo. Tí mo bá kọ ọ́ fún òní, mo parọ́. Tí mo bá kọ ọ́ fún àná, mo parọ́. Mo da omi náà nù, mo bẹ̀rẹ̀ òmíràn.”

Mo ní ṣé kò lè pín in sí méjì ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Ìwọ lo pín òjò nígbà tó ń rọ̀?”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àlàfo kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ní tiwọn, nítorí ẹni tó ń wọn òjò níbẹ̀ ka ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ ìsinmi sí ju òjò lọ. Isuada ní tiwọn. Mo ya òjò wọn pẹ́ débi pé mo lè fi ojú àlàfo mọ abúlé, bí ẹ ṣe ń fi ìrìn mọ ènìyàn láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi pẹ̀lú wà ní Arimogija, Bùọ̀dá Táyọ̀, ọmọ ìyá mi, ẹni tó kó lọ síbẹ̀ lọ dá oko kòkó. Òun ló di alága àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òun ló sì máa ń gba gíráàfù lọ́wọ́ mi, tó máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn wọn. Tí mo bá dé, á ní, “Ọlọ́jò ti dé.” Gbogbo oko náà ti gbà pé tí ìlà Yẹmí bá gòkè, kí oníkálukú wá ẹ̀rọ ìfín rẹ̀.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, irinṣẹ́ ń yí padà lójú mi. Pẹ́ẹ̀nì tí a ń tì bọnú ìgò ìnkì lọ, pẹ́ẹ̀nì tó ń gbé ìnkì tirẹ̀ kiri dé. Lẹ́tà tí a ń fọwọ́ kọ lọ, èyí tí a ń tẹ̀ mọ́ ìwé dé. Ẹ̀rọ ìṣírò kékeré dé, ọ̀gá kórìíra rẹ̀ fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ó jí tèmi lò. Èmi ní tèmi, kò sí irinṣẹ́ tuntun tó dé tí mi ò ní fọwọ́ kàn kí ó tó tutù. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣú, ó sì jókòó sí ilé rẹ̀ ní ọ̀nà Ìkàrẹ́. Ọjọ́ tó ń lọ, ó fi abẹ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà wá dé.

Olórí ibùdó wa tuntun, Dókítà Olúwatúyì, ló fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e wá, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí aláìsàn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó kàwé débi tí ìwé dé, kì í sì í gbéra ga. Wọ́n fún kọ̀ǹpútà ní yàrá, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àwa tí a ti ń làágùn sórí tábìlì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sẹ́ni tó ronú ẹ̀rọ amúlétutù kàn wá, àmọ́ mi ò bínú. Inú mi ń dùn ju kí n bínú lọ. Nígbà tí Dókítà béèrè ẹni tó máa kọ́ ọ, mo ti jókòó sórí àga kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí mo tẹ òjò oṣù kan sínú rẹ̀, tí mo sì rí ìlà tó jáde fúnra rẹ̀ lójú ẹ̀rọ náà, mi ò mọ ohun tí mo lè fi wé e. Iṣẹ́ tó ń gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi ni. Mo pa á rẹ́, mo tún un ṣe, mo tún pa á rẹ́, mo tún un ṣe. Wọ́n mú iná lọ, mo fúnra mi sáré jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Mi ò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà, ebi kò sì pa mí.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà nìkan kò lè ya nǹkan. Sọ́fítíwíà ló ń yà á, méjì sì ni ẹni tó tà á fún wa láti Ìbàdàn fi sílẹ̀ fún wa láti fi dán an wò. Ọ̀kan ṣoṣo ni ibùdó máa rà, òun náà ni gbogbo gíráàfù abúlé wa á máa ti inú rẹ̀ jáde. A sọ wọ́n lórúkọ. Ti àkọ́kọ́, a pè é ní Ọ̀ṣìngín, nítorí tuntun ni, ó ń dán, ó ní gbogbo àwọ̀ tó wà lọ́run, o kàn máa fi ọ̀pá ìtọ́ka kékeré yan ohun tí o fẹ́ lójú rẹ̀ ni, iṣẹ́ ti parí. Ìkejì, a pè é ní Agídí. Dúdú àti funfun ni. O gbọ́dọ̀ tẹ àṣẹ fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí àmì ẹyọ kan bá yingin, kò ní dá ọ lóhùn, àfi kí o tún un tẹ̀. Mélòó ni a ó kà nínú eyín adípèlé? Mo bú Agídí débi tí ẹnu ń ro mí.

Ta ni máa ronú lẹ́ẹ̀mejì? Ọ̀ṣìngín la mú. Dókítà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí àwọn aláṣẹ òkè fẹ́ràn àwọ̀, èmi fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó yára, gbogbo ibùdó fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ó lẹ́wà. Ó tún ń ṣe ohun kan tí a kì í ṣe pẹ̀lú ọwọ́: ó ń kó òjò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀, á fi iye ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ pín in, á fi ìlà kan ṣoṣo tó mọ́ rekete ya á. A gbé ti Arimogija lọ. Bùọ̀dá Táyọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, àwọn àgbẹ̀ sì wá wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun.

Nígbà tí òjò ọdún náà rọ̀ dé àárín, ìlà Arimogija bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní òjò ti ń dínkù, kí àwọn àgbẹ̀ sinmi lórí ìfín kejì, oògùn kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣòfò. Mo kọ ọ́ sí ẹsẹ̀ gíráàfù bó ṣe wí, a sì fi ránṣẹ́. Wọ́n gbọ́ tiwa. Ìgbà wo ni wọn kò gbọ́ tiwa rí?

Mo dé Arimogija lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kò sẹ́ni tó pè mí ní Ọlọ́jò. Bùọ̀dá Táyọ̀ kò ní kí n jókòó, ó ní, “Yẹmí, wá wo gíráàfù rẹ.” Ó mú mi wọ inú oko. Ilẹ̀ rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ewé ń kán omi sí wa lórí, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ kò dínkù rí. Igi kòkó dúró tò lọ, kòkó orí wọn sì dúdú láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó já ọ̀kan, ó là á, kò sí nǹkan rere nínú rẹ̀. Ó fi lé mi lọ́wọ́.

“Ìfín kejì tí ẹ ní ká má fín nìyí,” ó ní. Kò pariwo. Ìbá ṣe pé ó pariwo, ìbá sàn fún mi. “Gbogbo ohun tí mo ní lọ́dún yìí wà lórí igi wọ̀nyí. Àwọn yòókù ń bi mí léèrè, nítorí èmi ni mo ní kí wọ́n gbọ́ tìrẹ.”

Nígbà tí a padà dé gbọ̀ngàn, mo rí i pé wọ́n ti já gíráàfù wa kúrò lára ògiri. Ìyá kan fi wé iyọ̀. Bùọ̀dá ní àwọn kò ní lẹ òmíràn mọ́. Láti ọdún tó ń bọ̀, kálukú á máa fín bí ọkàn rẹ̀ bá ṣe sọ fún un. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo mọ ohun tí ìyẹn máa dà: ẹni tó bá fín jù á pa oògùn run, ẹni tó bá fín pẹ́ á kórè dúdú, gbogbo ọdún tí mo ti fi yà á á sì di ìwé tí wọ́n ń fi wé iyọ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Mo jí lọ sí ibi iṣẹ́, mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún Dókítà. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní, “Sístà Yẹmí, ẹ jẹ́ ká fi òjò kan náà fún Agídí, ká gbọ́ ohun tí òun náà máa sọ.” Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́, òun ń kà á sí mi létí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ wọlé, ọjọ́ kejì wọlé. A dé ọjọ́ tó ṣófo. Agídí dúró gbọnyin. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sójú ẹ̀rọ, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé kò sí nǹkan níbí, kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe sí i? Mo fẹ́ fò ó, kò gbà. Mo tẹ nǹkan mìíràn, kò gbà. Ó tún béèrè.

Ohùn ọ̀gá ni mo gbọ́. Ta ló sọ fún ọ pé òjò rọ̀? Ta ló sọ fún ọ pé kò rọ̀?

Mo ní, “Dókítà, kí ni Ọ̀ṣìngín ṣe nígbà tó dé ibí?” A ṣí Ọ̀ṣìngín, a tọ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbogbo ibi tó ṣófo ló ti kà sí pé òjò kò rọ̀ rárá, ó sì fi wọ́n kún ọjọ́ tó fi ń pín. Ọjọ́ ọjà, ọ̀gbẹlẹ̀. Ọjọ́ kejì ọjà, ọ̀gbẹlẹ̀. Iṣu tuntun sì ti jáde, ọjọ́ tó ṣófo wá pọ̀ sí i. Iṣu tí Tíṣà Ìdòwú ń rù fún ìyàwó rẹ̀ ló gbẹ òjò Arimogija lójú ẹ̀rọ wa. Dókítà gbé ọwọ́ lé orí. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn, ó ní, “Gbogbo wa ni àwọ̀ yẹn fọ́ lójú.” Òtítọ́ ló sọ.

Ẹ máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé a ju Ọ̀ṣìngín nù lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún wa láti Ìbàdàn dé, ó ní Agídí ti ń di àtijọ́, Ọ̀ṣìngín ló ń bọ̀, pé ká kàn máa fi ọwọ́ dí àlàfo kí a tó tẹ̀ ẹ́. Dókítà ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò burú, àwọn aláṣẹ òkè sì ti ń yin àwọ̀ náà. Mo ní ta ni yóò wá máa dí àlàfo, kí ni yóò sì fi dí i? A jiyàn títí. Níkẹyìn mo ní, “Dókítà, àwa kọ́ ni a ń fi gíráàfù yìí fín kòkó. Ẹ jẹ́ ká gbé méjèèjì lọ bá àwọn tó ń fín in.” Ó rò ó, ó ní ó dáa, pé èyí tí wọ́n bá gbà láti lẹ̀ mọ́ ògiri lòun máa rà.

Bí òjò ọdún tó tẹ̀lé e ṣe bẹ̀rẹ̀, a wọ ọkọ̀ Dókítà lọ sí Arimogija. Bùọ̀dá Táyọ̀ pe àwọn àgbẹ̀ nítorí mo jẹ́ àbúrò rẹ̀, kì í ṣe nítorí inú rẹ̀ dùn. Dókítà kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ìwé tó kà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní èèṣì ti ibùdó ni, kí wọ́n má bínú. Ìyẹn rọ ojú wọn díẹ̀. A wá lẹ méjèèjì mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, òjò èṣí kan náà, ti Ọ̀ṣìngín pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀, ti Agídí pẹ̀lú dúdú rẹ̀, àlàfo tí a ní kó fi sílẹ̀ ní funfun wà nínú rẹ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. A fà sẹ́yìn kí wọ́n lè wò ó fúnra wọn.

Wọ́n kọ́kọ́ dúró síwájú Ọ̀ṣìngín, mo sì rò pé ó ti bọ́. Tíṣà Ìdòwú wá súnmọ́ èkejì. Ó fi ìka kan àlàfo kan, ó ka ọjọ́, ó kan òmíràn, ó ka ọjọ́, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. “Ọjọ́ ọjà nìyí,” ó ní. “Èyí mọ̀ pé mo lọ ru iṣu.” Ó yíjú sí Ọ̀ṣìngín. “Òjò ti ẹ̀gbẹ́ yìí ńkọ́? Tí mo bá lọ sọ́jà, á dínkù; òun náà ń ná ọjà wa.” Gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín. Àwọn ìyá ń pàtẹ́wọ́. Kálukú ń wá àlàfo tirẹ̀: ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ìsìnkú bàbá Tíṣà, ọjọ́ tí ewúrẹ́ mu omi inú agolo.

Bùọ̀dá Táyọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó wo Agídí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá ní, “Ẹni tó lè sọ pé òun kò mọ̀, tó bá ní òun mọ̀, èèyàn á gbà á gbọ́.” Ó yọ Ọ̀ṣìngín kúrò lára ògiri, ó ká a, ó fún mi. Ti Agídí wà níbẹ̀.

Ìlà tuntun tí Agídí yà gòkè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo oko sì gbé ẹ̀rọ ìfín kọ́ ẹ̀yìn. Mo lọ nígbà ìkórè. Kòkó pọ́n lórí igi Bùọ̀dá débi tí mo fi ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí aláìríran. Láti ẹnu ọ̀nà oko ló ti ń ké pé, “Ọlọ́jò, má jẹ kòkó mi tán o.” Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí.

Mo tún lo sọ́fítíwíà mìíràn púpọ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí èyí tí inú mi kò dùn sí nígbà tó dé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ bẹ̀rù ohun tuntun. Ẹ sáré pàdé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yàn án, ẹ fi ibi tó ṣófo hàn án ná, kí ẹ wo ohun tó máa ṣe.

Ó ku ìbẹ̀wò kan tí mi ò tíì sọ. Ní 1999, mo mú gíráàfù Arimogija kan lọ sí ọ̀nà Ìkàrẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá nígbà náà. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó fi ohùn mọ̀ mí. Mo ní, “Sà, mo mú iṣẹ́ wá. Ẹ̀rọ ló yà á.”

“Ẹ̀rọ,” ó ní, bí ẹni tó tọ́ ewúro wò. Ó na ọwọ́. Ó fi ìka kan ojú ìwé, ó mi orí. “Kò ní ara.”

Mo bá a yí ìwé náà sí ẹ̀yìn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa nígbà yẹn, abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ ló fi ń gún ìwé, àwa sì máa ń jẹ́ kó gún un kíkankíkan kí ẹ̀dà tó wà lábẹ́ lè hàn. Ìka rẹ̀ bá ojú gígún náà pàdé. Ó jókòó tọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tọ ìlà náà, ó gòkè, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé àlàfo. Ìka rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó fi yẹ ọ̀tún wò, ó fi yẹ òsì wò, kò bá nǹkan kan.

“Ọjọ́ ọjà,” ó ní, wẹ́lẹ́.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí níṣẹ́?”

“Ó ti mọ̀ ọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, sà. Àwa la gbàgbé.”

Ó gbé ìka sókè, ó ré àlàfo náà kọjá láìfọwọ́ kàn án, ó sì bá ìlà náà lọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ó na ìwé náà sí ibi tí ohùn mi wà.

“Gbé e lọ kọ́.”